Bí sílíńdà ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bá là: Ṣé kẹ́ ẹ tún un ṣe ni, àbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀?

Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń ba ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi jẹun lọ́kàn jẹ́ bíi kí mẹkáníìkì tú ẹ̀ńjìnnì tán, kó mi orí, kó sì ní sílíńdà ti là. Lójú ẹsẹ̀ náà ni ìmọ̀ràn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀tún àti òsì. Ẹnì kan á ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kó jó o pọ̀, ẹlòmíì á ní kí wọ́n lọ wá tòkunbọ̀ rà, ẹnì kẹta á sì ní kí onítọ̀hún ta ilẹ̀ tàbí kó yáwó, kó ra tuntun. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ wà lébùúté, kò ṣiṣẹ́, owó àjọ ń bọ̀ lọ́nà, ọmọ sì gbọ́dọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Ìbà, Okokomáíkò àti Ọ̀jọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ẹsíteeti Ìbà, tó wà lára àwọn ilé tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ fáwọn mẹ̀kúnnù nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó láàárín ọdún 1979 sí 1983, kò jìnnà sómi. Lẹ́yìn títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì lọ́hùn-ún lomi wà, ojú omi náà ni wọ́n sì ń gbà dé àwọn ìlú erékùṣù bí Ìrẹ̀wẹ̀, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́. Ọkọ̀ yìí ló ń gbé ẹja wá sọ́jà, òun ló ń gbé sìmẹ́ǹtì, ìrẹsì àti páànù lọ sọ́hùn-ún, òun náà ló ń gbé èrò.

Títì tó yẹ kó gba ẹrù kúrò lójú omi náà ò tíì rọrùn tó bó ṣe yẹ. Ìgbà ìjọba Babátúndé Fáṣọlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà mẹ́wàá, gbogbo ẹni tó ń gba Okokomáíkò kọjá ló sì mọ iye ọdún tí iṣẹ́ náà ti gbà. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó yẹ kó dé Okokomáíkò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n Máìlì 2 ni apá àkọ́kọ́ rẹ̀ parí sí. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan bá kú, kì í ṣe olówó ọkọ̀ nìkan ni ọjà rẹ̀ dúró. Ẹlẹ́ja, oníṣọ́ọ̀bù àti aláràánṣọ tó ń dúró de ẹrù náà jẹ nínú ìyà ọ̀hún.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ní ọkọ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ńjìnnì rẹ̀, kó tó fowó sílẹ̀. Òkodoro ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé sílíńdà kì í dédé là. Bí wọn ò bá mọ ohun tó là á, àtúnṣe ò ní í pẹ́ bàjẹ́, tuntun tí wọ́n bá rà náà á sì là.

Kí ló ń la sílíńdà?

Sílíńdà ni ihò tí písítìn ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀ńjìnnì. Inú rẹ̀ ni epo bẹntiróòlù ti ń jó, tí agbára fi ń jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, irú Yamaha Enduro tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ mọ̀ dáadáa, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara búlọ́ọ̀kù náà kó má baà wúwo, ṣùgbọ́n irin líle ni wọ́n fi ṣe ìgò inú rẹ̀ tí písítìn ń fara há. Ìgò irin yìí làwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílíìfù.

Alumíníọ̀mù àti irin yìí kì í wú bákan náà tí wọ́n bá gbóná. Tí ooru bá mú àwọn méjèèjì dọ́gba, alumíníọ̀mù máa ń wú tó ìlọ́po méjì irin. Tí ooru bá wà ní ìwọ̀n tó yẹ, kò sí ìjà, nítorí àwọn tó ṣe ẹ̀ńjìnnì ti ro ìyẹn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí ooru bá kọjá ààlà, alumíníọ̀mù á tú ọwọ́ lára sílíìfù, sílíìfù á máa mì, písítìn á wú kọjá ààyè rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ògiri. Tí omi tútù bá tún wá já lu irin gbígbóná náà lójijì, ibẹ̀ ni yóò ti sán.

Ní ìlú òyìnbó, òtútù ló sábà máa ń fa tiwọn. Tí omi bá kù sínú ẹ̀ńjìnnì nígbà òtútù, tó sì di yìnyín, ó máa ń wú tó ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, á sì la irin. Ìdí nìyí tí ìwé àtúnṣe tó wá láti ọ̀dọ̀ wọn fi máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n fa gbogbo omi inú ẹ̀ńjìnnì jáde kí òtútù tó dé. Nílùú Èkó, kò sí yìnyín. Ooru ni ọ̀tá tiwa, omi tí kò dé ibi tó yẹ kó dé ló sì ń fa ooru náà.

Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kì í gbé omi sínú rèdíétọ̀ bíi ti mọ́tò. Inú omi tó ń rìn lórí rẹ̀ ló ti ń fa omi sókè, á gbà á yí sílíńdà ká, á sì tú u jáde padà. Rọ́bà kékeré kan tó ní apá bíi fáànù, tí wọ́n ń pè ní ìmpẹ́là, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ọ̀rá píọ́wọtà kan ṣoṣo bá lẹ̀ mọ́ ẹnu ibi tó ti ń fa omi, tàbí koríko ojú omi dí i, tàbí iyanrìn bá ti jẹ apá rọ́bà náà, omi ò ní í gòkè mọ́. Iyọ̀ náà wà ńbẹ̀. Omi ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò ò bá sí láti là á. Iyọ̀ yìí máa ń gan mọ́ àwọn ihò tóóró tí omi ń gbà kọjá nínú búlọ́ọ̀kù, títí tí ihò náà á fi dí.

Àwọn ọkọ̀ tí kì í lo àjẹ̀ ìdí, àmọ́ tó jẹ́ pé omi ni wọ́n ń fà tí wọ́n ń tì jáde kí wọ́n lè sáré, irú èyí tí William Hamilton sọ di ohun tí ayé mọ̀ nílẹ̀ New Zealand láàárín ọdún 1950 sí 1960, náà ń jìyà irú nǹkan báyìí. Bí wọ́n ṣe ń fa omi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fa iyanrìn àti ọ̀rá. Ẹni tó bá ní jẹ́ẹ̀tì-sikí tó ń fi ṣòwò ìgbafẹ́ ní etí òkun Èkó gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Ohun kejì tó ń la sílíńdà ni ọ́ìlì. Àwọn ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù ò ní ọ̀nà mìíràn tí ọ́ìlì fi ń dé ara písítìn. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìdá àádọ́ta bẹntiróòlù sí ìdá kan ọ́ìlì ni ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ni pé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 gbọ́dọ̀ gba ìdajì lítà ọ́ìlì. Ìwé tó bá ẹ̀ńjìnnì wá ni kẹ́ ẹ fi ṣàyẹ̀wò. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo sì ti gbówó lórí, ó ti ń wu àwọn awakọ̀ kan láti dín ọ́ìlì kù. Owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ yẹn, inú sílíńdà ni wọ́n ti ń san án padà.

Àmì tó máa ń hàn kó tó burú

Ẹ̀ńjìnnì kì í kú láìkọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Omi tóóró tó máa ń tú jáde lẹ́bàá ẹ̀ńjìnnì bó bá ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ máa wò. Tí kò bá le mọ́, tàbí tó bá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ pa ẹ̀ńjìnnì. Tí ẹ̀ńjìnnì bá ń pàdánù agbára, tí ẹrù tó ń gbé tẹ́lẹ̀ wá ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ tú pílọ́ọ̀gì rẹ̀. Pílọ́ọ̀gì tó bá tutù, tàbí tó funfun bíi pé wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ nígbà tí àwọn yòókù dúdú, ń sọ pé omi ń wọ inú sílíńdà náà. Nínú ẹ̀ńjìnnì tó ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ọ́ìlì bá di funfun bíi ẹ̀kọ mímu, omi ti pàdé rẹ̀ nìyẹn.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fura pé omi ti wọnú sílíńdà, ẹ má fi tipátipá ja okùn láti tan ẹ̀ńjìnnì náà. Omi kì í ṣe atẹ́gùn, kò ṣeé fún pọ̀. Bí písítìn bá gòkè tó bá omi lókè, apá tó gbé písítìn dúró lè wọ́, kírànkì lè bàjẹ́, àtúnṣe tí ì bá jẹ́ ti sílíńdà kan á wá di ti gbogbo ẹ̀ńjìnnì.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí omi bá wọlé náà ni sílíńdà là. Nígbà míì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ló jó, tàbí orí búlọ́ọ̀kù ló wọ́. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé sílíńdà ti là gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi hàn òun. Ọ̀nà kan wà tí kò gba owó rárá, tí àwọn oníṣẹ́ irin ti ń lò tipẹ́. Wọ́n á fọ ibẹ̀ mọ́ dáadáa, wọ́n á fi kẹrosíìnì pa á, wọ́n á jẹ́ kó wọlé fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á sì nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ẹfun pa ojú ibẹ̀. Kẹrosíìnì tó ti há sínú ojú là á tún jáde, ìlà náà á sì hàn gedegbe lára ẹfun. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ìfúnpọ̀ náà lè fi wọn sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá rẹlẹ̀ gan-an sí ẹnìkejì rẹ̀, òun ni wàhálà wà.

Ibi tó ti là ló ń sọ ohun tó kàn

Kí owó tó jáde lápò, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, níbo ló ti là?

Bó bá jẹ́ sílíìfù nìkan ló là tàbí tó ha, tí ara búlọ́ọ̀kù ò sì ní nǹkan kan, àtúnṣe ṣeé ṣe. Bí ihà náà ò bá jìn, àwọn tó ní ẹ̀rọ léètì lè gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì ra písítìn àti ríngì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjìnnì ló ní písítìn tó fi ìdá mẹ́rin mìlímítà, ìyẹn 0.25, tàbí ìdajì mìlímítà, ìyẹn 0.50, tóbi ju ti àkọ́kọ́. Tó bá ti là gan-an, wọ́n á yọ sílíìfù náà kúrò, wọ́n á sì ti tuntun bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ẹni tó mọ léètì dáadáa ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ òòlù. Bí sílíìfù tuntun ò bá há gírígírí, tàbí tó bá yẹ̀ díẹ̀ pẹ́rẹ́, kò ní í pẹ́ tú.

Bó bá jẹ́ ìta ló ti là, níbi àpò tí omi ń gbà kọjá, wẹ́dà lè jó o, ṣùgbọ́n kì í ṣe wẹ́dà tó ń jó géètì. Alumíníọ̀mù máa ń yọ́ níbi ìwọ̀n ooru tó tó 660, ṣùgbọ́n èépá tó bò ó lójú kì í yọ́ títí ooru á fi lé ní 2,000. Ìdí nìyí tí wẹ́dà tí kò mọ̀ ọ́n á fi máa ná an títí, tí abẹ́ á ti yọ́ dànù kí òkè tó mú. Ẹ̀rọ wẹ́dà tó ń lo gáàsì ágọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní TIG, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ iyọ̀ àti ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì mú búlọ́ọ̀kù gbóná díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o tán, ojú rẹ̀ lè ti wọ́, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún un tẹ́ lórí léètì.

Bó bá jẹ́ àárín sílíńdà méjì ló ti là, tàbí ibi tí bóòtù orí ń wọ̀, tàbí ìsàlẹ̀ níbi tí kírànkì jókòó sí, ẹ má ṣe da owó sí i. Ibẹ̀ ni gbogbo agbára ẹ̀ńjìnnì ń tì. Bí wọ́n bá jó o lónìí, á là lọ́la, ọ̀la náà sì lè jẹ́ àárín omi. Búlọ́ọ̀kù mìíràn ni kẹ́ ẹ wá.

Ní ti gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń po tí wọ́n fi ń lẹ irin, ó lè di ojú kékeré kan lára àpò omi fúngbà díẹ̀, kí ọkọ̀ lè délé. Inú sílíńdà tí iná ti ń jó kì í ṣe ibi tí gọ́ọ̀mù ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń wo iye tí mẹkáníìkì pè nìkan. Ohun méjì tí wọn kì í kà mọ́ ọn ni iye ọjọ́ tí ọkọ̀ máa fi dúró, àti iye oṣù tí àtúnṣe náà máa lò kó tó tún bàjẹ́. Àpẹẹrẹ tó tẹ̀ lé e yìí kì í ṣe iye ọjà, nítorí iye ọjà ń yí padà lójoojúmọ́. Ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní ọkọ̀ kan ń mú ₦30,000 wálé lójúmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó epo àti owó awakọ̀.

Wẹ́dà ẹ̀bá títì ní òun á gba ₦80,000, òun á sì lo ọjọ́ méjì. Owó ọjọ́ méjì tó sọnù jẹ́ ₦60,000, gbogbo rẹ̀ di ₦140,000. Tó bá lo oṣù méjì kó tó tún là, ₦70,000 lóṣù nìyẹn.

Onísílíìfù ní òun á gba ₦350,000 pẹ̀lú písítìn, ríngì àti gásíkẹ́ẹ̀tì, òun á sì lo ọjọ́ mẹ́fà. Owó ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ ₦180,000, gbogbo rẹ̀ di ₦530,000. Tó bá lo oṣù 20, ₦26,500 lóṣù nìyẹn.

Búlọ́ọ̀kù tòkunbọ̀ jẹ́ ₦900,000, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa fi tò ó. Gbogbo rẹ̀ di ₦990,000. Tó bá lo oṣù 30, ₦33,000 lóṣù nìyẹn.

Ẹ̀ńjìnnì tuntun jẹ́ ₦4,000,000, ọjọ́ kan ni wọ́n fi gbé e kọ́. Gbogbo rẹ̀ di ₦4,030,000. Tó bá lo oṣù 80, ó lé díẹ̀ ní ₦50,000 lóṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ lè rí owó díẹ̀ gbà padà tó bá fẹ́ tà á.

Ẹ wò ó pé èyí tó dà bíi pé ó rọjú jù lọ ló wọ́n jù. Ohun kan náà ló tún léwu jù. Ẹ wò ó tún pé tuntun kì í ṣe ọgbọ́n ní gbogbo ìgbà, pàápàá fẹ́ni tó máa yáwó èlé rà á. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà á yí padà bí kírànkì bá ti bàjẹ́ mọ́ ọn, tàbí tí sílíńdà méjì bá là lẹ́ẹ̀kan náà. Tí iye àtúnṣe pẹ̀lú owó ọjọ́ tó sọnù bá ti kọjá ìdajì owó ẹ̀ńjìnnì mìíràn tó dáa, ẹ fi àtúnṣe sílẹ̀.

Owó náírà náà wà lára ìṣirò yìí. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni báńkì ń ṣẹ́ dọ́là kan. Lẹ́yìn tí báńkì àpapọ̀ tú owó náírà sílẹ̀ lóṣù náà, ó kọjá ₦1,500 nígbà tó máa fi di oṣù Kejì ọdún 2024. Ẹ̀ńjìnnì, písítìn àti ìmpẹ́là, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Ẹ̀ńjìnnì tí ẹnì kan rò pé òun á rà lọ́dún tó ń bọ̀ lè má jẹ́ iye tó wà lónìí. Èyí ló sọ ìtọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ di òwò fúnra rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀

Wọ́n ní fàrí lẹ́yìn olórí kò dáa. Ẹ má ṣe rán ọmọ iṣẹ́ nìkan lọ ra búlọ́ọ̀kù, ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì mú mẹkáníìkì yín dání. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ńjìnnì yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, nítorí ẹ̀ńjìnnì méjì lè jẹ́ alágbára ẹṣin 40, kí búlọ́ọ̀kù wọn má bára mu. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti kùn ún lọ́dà tuntun, pàápàá tó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló ń dán. Ọ̀dà lè bo ojú wẹ́dà mọ́lẹ̀. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ihò omi rẹ̀ bóyá iyọ̀ ti jẹ ẹ́.

Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ̀ńjìnnì nínú. Àwọn olè máa ń tú ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi gbé lóru, ẹni tó bá sì ra ẹrù olè lè pàdánù ẹ̀ńjìnnì àti owó rẹ̀, kó tún lọ ṣàlàyé ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Àdéhùn pẹ̀lú mẹkáníìkì

Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín olówó ọkọ̀ àti mẹkáníìkì, àìkọ nǹkan sílẹ̀ ló ń fà á. Ẹ kọ iye owó iṣẹ́, iye owó sípéépáátì, iye ọjọ́ tí wọ́n máa lò àti iye oṣù tí wọ́n ṣèlérí pé kò ní í bàjẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo ògbólógbòó tí wọ́n tú jáde fún yín. Ẹ pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta, kẹ́ ẹ san apá kan níbẹ̀rẹ̀, apá kejì nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, kí apá kẹta sì dúró títí wọ́n á fi dán an wò.

Ìdánwò náà kì í ṣe ti orí ilẹ̀ o. Tí wọ́n bá tan ẹ̀ńjìnnì láìsí omi, ìmpẹ́là rọ́bà tuntun á jó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àtúnṣe náà á sì bàjẹ́ kó tó dé ojú omi. Inú dúrọ́ọ̀mù omi ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ tan án, kí wọ́n tó gbé e sómi lẹ́bàá ebute, láìkó èrò. Wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ písítìn àti ríngì, ẹ má sáré, ẹ má kó ẹrù púpọ̀, kí ríngì lè jókòó dáadáa.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni ẹ̀mí. Mọ́tò tó bá kú lójú títì, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ bá kú láàárín ọ̀sà ò ní ìdádúró. Ìgbì á máa gbé e lọ síbi tó wù ú, ìgbì tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń fà lè dorí rẹ̀ kodò, tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, kò sẹ́ni tó máa rí wọn. Àjọ LASWA, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2008, àti àjọ NIWA ti ìjọba àpapọ̀ ń tẹnu mọ́ ọn pé kí gbogbo èrò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ọkọ̀ má sì rìn lóru. Ẹni tó mọ̀ pé àlẹ̀mọ́ ni sílíńdà òun, tó ṣì ń kó èèyàn, kì í ṣe owó nìkan ló ń fi ta tẹ́tẹ́.

Owó kékeré tó ń gba owó ńlá sílẹ̀

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ohun tó dín jù lọ tí olówó ọkọ̀ lè ṣe ni kó fi omi tó mọ́, tí kò níyọ̀, fọ inú ẹ̀ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí wọ́n bá parí iṣẹ́ lójúmọ́. Dúrọ́ọ̀mù omi kànga kan tó o. Kí wọ́n yẹ ẹnu ibi tó ń fa omi wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé ebute, kí wọ́n sì pààrọ̀ ìmpẹ́là ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, yálà ó ti jẹ tàbí kò tíì jẹ. Rọ́bà yẹn ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù. Kí olówó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa po ọ́ìlì mọ́ epo, tàbí kó fi ìwọ̀n tí kò ṣeé yí padà lé awakọ̀ lọ́wọ́.

Ìkejì ni àpótí ẹ̀ńjìnnì. Tí ọkọ̀ kan bá ń yọ ₦2,000 sọ́tọ̀ lójúmọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 lóṣù, ₦50,000 lóṣù nìyẹn, ₦600,000 lọ́dún. Lọ́wọ́ iye inú àpẹẹrẹ òkè yìí, ó tó láti fi ṣe sílíìfù láìyáwó. Àwọn ọlọ́kọ̀ mẹ́wàá lè dá a pọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n sì jùmọ̀ ra ẹ̀ńjìnnì kan tí wọ́n á fi pamọ́. Ẹni tí tiẹ̀ bá bàjẹ́ á máa fi ṣiṣẹ́ títí tirẹ̀ á fi jáde, á sì máa san owó lílò rẹ̀ sápò ẹgbẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà tí ì bá fi jókòó sílé á di ọjọ́ iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ yìí ò mọ sórí omi. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta nínú ẹsíteeti Ìbà, tó ń fi dúrọ́ọ̀mù omi mú ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ tutù, ń jẹ́ irú ewu kan náà tí omi bá tán nínú dúrọ́ọ̀mù, tó sì sáré da omi tútù sí i nígbà tó ti gbóná jọ̀wọ̀lọ̀. Kó pa á ni, kó jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré gẹ irun tàbí ránṣọ ní Okokomáíkò, tó ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ìwọ̀n ọ́ìlì kan náà ló yẹ kó ṣọ́. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bi mẹkáníìkì kí wọ́n tó ka owó: Níbo ló ti là? Kí ló là á? Oṣù mélòó ni àtúnṣe yìí máa lò? Mẹkáníìkì tí kò bá lè dáhùn èyí kejì, ẹ má tíì jẹ́ kó fọwọ́ kan èyí àkọ́kọ́.